Orin inú fíìmù, orin inú àwo: ìdáhùn fún akọrin kan ní Kétu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mò ń gbé, mò ń kọrin, mo sì ń ta gìtá. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ bàbá mi àgbà, ń ṣe fíìmù ní èdè wa ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ gbogbo orin inú rẹ̀, kí n sì kó wọn jọ di àwo lẹ́yìn náà. Mo wá lọ gbọ́ àwo orin fíìmù mélòó kan láti fi kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n orin tí mo gbọ́ nínú fíìmù kọ́ ni mo bá nínú àwo: òmíràn gùn jù ú lọ, òmíràn ò sí níbẹ̀ rárá. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni? Báwo ni kí n ṣe tèmi? Ṣé mo lè fi orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ìyá mi àgbà máa ń kọ sí i? Bí a bá sì ṣe é tán, ta ló ni ín, èmi ni àbí ẹ̀gbọ́n mi?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Iṣẹ́ méjì ni orin inú fíìmù àti orin inú àwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà ló kọ wọ́n. Èyí tó wà nínú fíìmù ń sin ìran tó wà lójú. Ibi tí ìran bá parí sí ni òun náà yóò dákẹ́ sí, ì báà jẹ́ àárín ẹsẹ̀ orin. Èyí tó wà nínú àwo kò ní àwòrán tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ègbè àti òpin tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé kí ẹ pète ẹ̀dà méjèèjì láti ọjọ́ kìíní, nínú sitúdíò àti nínú ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá parí ti fíìmù kó tó ronú kan àwo, àjẹkù ló máa rí kó jọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú pàápàá gba ọ̀nà yìí kọjá. Nígbà tí Isaac Hayes, akọrin Amẹ́ríkà, ṣe orin fíìmù Shaft ní 1971, ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún fíìmù kọ́ ni wọ́n tà fún aráyé: ó padà sí Memphis, ó sì tún àwọn orin náà gbà sílẹ̀ lákọ̀tun fún àwo. Ti Paul Simon tún yàtọ̀. Nígbà tí fíìmù The Graduate jáde ní òpin 1967, orin "Mrs. Robinson" kò tíì parí. Ìdajì-ìdajì rẹ̀ ló wà nínú fíìmù, òun náà ló sì wà nínú àwo fíìmù. Odindi rẹ̀ bọ́ sínú àwo mìíràn, Bookends, ní 1968. Ẹni tó ra àwo fíìmù nítorí orin yẹn kò rí ohun tó ń wá. Cat Stevens ní tirẹ̀ dìídì kọ orin méjì fún Harold and Maude ní 1971, àwọn orin náà kò sì wọ inú àwo rẹ̀ kankan títí di 1984. Ẹ rí i pé kì í ṣe jìbìtì. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò, nígbà mìíràn ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ta ló ni kí ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ àwo kan tó sún mọ́ irú tiyín, ìyẹn akọrin kan, gìtá kan, ohun èlò díẹ̀, ẹ wá èyí tí Jack Johnson ṣe fún fíìmù ọmọdé Curious George ní 2006. Àwo yẹn gun òkè àtẹ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ìró rẹ̀ kò ju ti àwọn ọ̀rẹ́ tó jókòó yíká gìtá lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ fetí sí níbẹ̀ ni bí gbogbo orin ṣe wá láti inú ìró kan náà. Fíìmù lè ní ìran ogún, ẹkún, ẹ̀rín, ìjà, síbẹ̀ kí àwo dún bí ohun tí a ṣe ní yàrá kan. Ẹ mú ohun èlò mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ má sì kúrò lórí wọn: gìtá, dùndún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, báàsì, ohùn àwọn elégbè. Bí ẹ bá ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣe fèrè ní orin kejì, tí ẹ ń fi ṣe fáólíìnì ní orin kẹta, fíìmù lè gbà á, àmọ́ àwo yóò dà bí àkójọ orin ènìyàn méje.

Ó wá ku ohun tó máa ń ba orin fíìmù Yorùbá jẹ́ jù. Orin ti wà nínú eré wa kí sinimá tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó kì í ṣeré láìkọrin, Hubert Ogunde sì gbé àṣà yẹn wọ inú fíìmù Aiyé ní 1979. Àmọ́ nígbà tí fíìmù fídíò gbòde, àṣà mìíràn wọlé: akọrin á máa ro ìtàn fún wa kó tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà ń rìn lọ sọ́jà jẹ́jẹ́, akọrin ti ń sunkún lẹ́yìn pé kò mọ̀ pé ọkọ òun ti fẹ́yàwó sí Kútọnu. Kí la tún ń wò nígbà náà? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹni inú ìran kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ, tàbí ohun tí ará àdúgbò ń rò nípa rẹ̀. Curtis Mayfield ṣe èyí nínú Super Fly ní 1972. Fíìmù ń fi ọkùnrin tó ń ta oògùn olóró hàn bí akọni, orin sì ń bá fíìmù jiyàn, ó ń sọ ohun tí òwò yẹn ń ṣe fún àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí àwo náà fi dá dúró fún ẹni tí kò wo fíìmù rí. Orin tó kàn ń tún ìtàn sọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú àwo, torí ó máa ń dárúkọ ènìyàn tí olùgbọ́ kò mọ̀ rí. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ẹ̀dá inú fíìmù sínú orin ju ẹyọ kan lọ, bó bá pọn dandan rárá.

Ohun kejì tí àwọn tí kì í gbọ́ èdè wa kì í ronú kàn ni dùndún. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń sọ, ẹ má fi ìlù tó ń sọ̀rọ̀ sí i. Òyìnbó tó ń da ohùn pọ̀ yóò gbọ́ ìró ìlù lásán, ṣùgbọ́n ará Kétu yóò gbọ́ ènìyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ ìlù. Bí ẹ bá fẹ́ ìlù níbẹ̀, kí gúdúgúdú tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa lọ, kí ìyáàlù dákẹ́. Ẹ wá fún ìyáàlù láyè níbi tí ẹnu gbogbo ènìyàn ti pa mọ́. Níbẹ̀ ó lè pa òwe tí yóò mi gbogbo ilé sinimá, kò sì ní ná yín ní ọ̀rọ̀ orin kan ṣoṣo. Ohùn ènìyàn tó ń kọrin náà ńkọ́? Ìṣòro kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òṣèré bá ti sọ tán, kí gìtá nìkan wà lábẹ́ ìjíròrò, kó sì wà nísàlẹ̀. Okùn tó nípọn máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣe kedere; okùn tín-ín-rín ibi tó ga máa ń bo kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, ẹ má gba ohùn kankan sílẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n yín yóò fi sọ fún yín pé àwọn ti gé fíìmù tán, tí àwọn kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ lè kọ orin, ẹ lè wá ohùn rẹ̀, ẹ lè gbà á sórí fóònù láti fi hàn wọ́n. Àmọ́ bí ẹ bá ti gba orin tó jẹ́ ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 sílẹ̀ fún ìran kan, tí wọ́n sì wá yọ ìṣẹ́jú-àáyá 5 kúrò nínú ìran náà, ẹ̀yin lẹ máa sanwó sitúdíò lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n bá gé e tán, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà fíìmù tí aago ń sáré ní igun rẹ̀. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín á jọ wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ẹ ó sì kọ tábìlì kan: nọ́ńbà orin, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí aago, ibi tó parí sí, iye àkókò rẹ̀, ìdí tó fi wà níbẹ̀, àti bóyá ẹ̀dá inú fíìmù ń gbọ́ orin náà (bí i rédíò inú takisí) tàbí àwa òǹwòran nìkan. Ẹ tọ́jú tábìlì yìí dáadáa, a máa padà sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti owó. Bí ẹ kò bá mọ ìdí tí orin kan fi wà níbì kan, ẹ yọ ọ́. Fíìmù tí orin kò dákẹ́ nínú rẹ̀ rárá máa ń rẹ etí, èyí tó yẹ kó gún ọkàn kì í sì í gún un mọ́.

Ìṣirò díẹ̀ á gbà yín lọ́wọ́ wàhálà. Ẹ ní ìran kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 47. Orin yín ń lọ ní ìlù 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sì fẹ́ kọ ọ̀wọ́ ìlù mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà 16, tó jẹ́ ìlù 64. Ẹ sọ 64 di ìlọ́po 60, ẹ fi 80 pín in: ìṣẹ́jú-àáyá 48 nìyẹn, ó fi ẹyọ kan gùn ju ìran lọ. Dípò kí ẹ gé ọ̀rọ̀ orin, ẹ yí eré rẹ̀ padà: 64 lọ́nà 60, ẹ fi 47 pín in, ó di 81.7. Kò sí etí tó máa mọ̀ pé ẹ fi kún eré rẹ̀, orin á sì bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kì í ṣírò ni pé wọ́n á ní kí ẹni tó ń da ohùn pọ̀ "fà á kéré" níbi ìparí. Bó bá sì fà á, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn á lọ láìparí, olùgbọ́ Yorùbá á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá ń yí ohùn orin padà kó lè bá ìran mu: kí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn máa tẹ̀lé òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe wà lẹ́nu ará Kétu. Ẹ má torí pé òǹwòran wà ní Èkó kí ẹ wá máa kọrin bí ará Ìbàdàn. Fíìmù tó ń ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ̀ tó ní ohùn ilé nínú orin rẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí tó ń sín ohùn ẹlòmíràn jẹ lọ. Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ gbogbo orin sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Faransé, kí ẹ fún ẹni tó ń ṣe àkọlé ìsàlẹ̀ fíìmù. Àwọn Gùn tó pọ̀ ní Àjàṣẹ́ yóò wò ó, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá náà yóò wò ó.

Ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ tó wọ sitúdíò. Ìkíní: àwòrán mélòó ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fíìmù náà, 24 ni tàbí 25? Bí fíìmù bá jẹ́ 25, tí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fi sí 24, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ wọ̀n mọ́ ọn yóò fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 gùn ju ìran rẹ̀ lọ. Ìkejì: kí gbogbo ohùn fíìmù jẹ́ 48 kHz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), bit 24. Púpọ̀ nínú sitúdíò tó ń ṣe orin lásán máa ń fi 44.1 kHz sílẹ̀ nítorí CD. Bí ẹnì kan bá gbé faili 44.1 sínú iṣẹ́ 48 láìyí i padà bó ṣe yẹ, orin á yára, ohùn yín á sì ga sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rọrùn láti ṣe gbogbo rẹ̀ ní 48 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yí ti àwo padà sí 44.1 ní ìkẹyìn bí ẹ bá máa tẹ CD.

Ẹ̀dà méjì tí mo sọ lókè ni ọ̀rọ̀ wá kàn báyìí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wọ sitúdíò, odindi orin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ègbè, ibi tí ohun èlò ti ń dá ṣe, òpin, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ á tẹ̀lé ìró atọ́nà tí a ń pè ní click, ní iye ìlù tí ẹ ṣírò fún ìran. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gé ti fíìmù jáde láti inú rẹ̀. Bí ìran méjì bá ń lo orin kan náà, tí ọ̀kan fẹ́ 82, tí èkejì fẹ́ 74, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ fa orin náà gùn; ẹ tún ta á. Ojú kan náà lẹ wà, ìlù kan náà wà níbẹ̀, kò lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ibi tí àwo ti máa ń jàǹfààní nìyí: ẹ̀dà tó falẹ̀ yẹn, tí kò ní ju gìtá àti ohùn lọ, lè di orin ìkẹyìn nínú àwo.

Nígbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń da ohùn fíìmù pọ̀, ẹ má fi orin tí ẹ ti pò pọ̀ nìkan ránṣẹ́. Ẹ fún un ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà gan-an: ohùn yín lọ́tọ̀, ohùn elégbè lọ́tọ̀, ìyáàlù lọ́tọ̀, ìlù yòókù, báàsì, gìtá. Ìdí ni pé bí òṣèré bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ètò, ó lè yọ ohùn yín fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì láìpa orin. Bí ẹ bá fún un ní èyí tó ti pọ̀ mọ́ra, ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní ni kó rẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó wá máa bínú pé wọn kò jẹ́ kí orin yín dún. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè pariwo. Kí orí ìró tó ga jù wà ní bí −6 dB, kí ó mí. Ẹni tó ń da fíìmù pọ̀ ló máa pinnu bí ó ṣe máa ròkè. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ń tẹ̀lé òfin Yúróòpù fẹ́ kí odindi ètò wà ní −23 LUFS, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè sí létí. Ti àwo yàtọ̀ pátápátá. Spotify máa ń fa ohun tó bá ju −14 LUFS wálẹ̀, nítorí náà kò sí èrè nínú kí ẹ pa orin gìtá kú torí ariwo. Ẹ fi −1 dB sílẹ̀ lókè, kí ohùn má baà fọ́ nígbà tí wọ́n bá fún faili pọ̀.

Bí ìran kan bá wà tí òṣèré ń kọrin fúnra rẹ̀, orin yẹn nìkan ni ẹ ó gbà sílẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó ya fíìmù. Ẹ fi ìró mẹ́rin síwájú rẹ̀ kí òṣèré lè mọ ibi tó ti ń bọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yà á, okùn ni kí wọ́n fi so sípíkà mọ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe Bluetooth, torí Bluetooth máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó jáde. Òṣèré á máa tẹ̀lé ohun tó gbọ́, faili tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ àwòrán ò sì ní í bá ètè rẹ̀ mu.

Ní ti orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ ò ní bínú bí mo bá rọra lọ níbẹ̀. Kétu lẹ wà. Ẹ mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ìta lásán, àti pé UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Orin tí ìyá yín àgbà ń kọ lè jẹ́ orin Ẹ̀fẹ̀, èyí tí a fi ń bá ìlú wí tàbí fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lóru, ó sì lè jẹ́ èyí tí a fi ń pe àwọn ìyá wa. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Ti àkọ́kọ́, bí ẹni tó kọ ọ́ bá wà láàyè tàbí tí a mọ ìdílé rẹ̀, òun ló ni ín bí ẹ̀yin ṣe ni tiyín. Ẹ lọ bá a, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ẹ pín owó. Ti èkejì, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni kí ẹ lọ kó tó di ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe orin tí a ń gbé sínú fóònù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tiwọn ni òfin wà: òfin Benin ka orin àbáláyé tí kò ní olówó kan pàtó sí ogún orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá BUBEDRA sọ̀rọ̀, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti akọrin ní Benin. Kí ẹ tún mọ ọ̀kan: bí wọ́n bá ya ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gidi sínú fíìmù, ẹ má fi ìlù mìíràn bo ti ojú agbo. Ẹsẹ̀ oníjó àti ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dáhùn ohun tí ìyáàlù ń wí. Àjèjì lè má mọ̀, àmọ́ gbogbo ọmọ Kétu tó bá wà nínú ilé sinimá á bú sẹ́rìn-ín.

Ta ló wá ni orin? Ẹ̀yin ni, títí di ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé tó sọ ohun mìíràn. Ohun méjì ló wà nínú orin kan, wọ́n sì lè ní olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ àti ohùn orin jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ látìgbà tó ti kọ ọ́, ì báà tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan tàbí kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú sitúdíò sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó sanwó gbígbà rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé nìyí, pàápàá láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kò fẹ́ dà bí ẹni tí kò fọkàn tán ara wọn. Ká ní ẹ̀gbọ́n yín san owó sitúdíò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé àwo jáde, àwọn ló ni ohùn tó wà nínú rẹ̀, àyàfi bí ìwé bá sọ ọ̀tọ̀. Ọ̀nà tó mọ́ jù, lójú tèmi, ni kí ẹ̀yin fúnra yín sanwó gbígbà odindi orin, kódà bí ẹ bá máa yọ ọ́ lára owó iṣẹ́ tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì fún fíìmù láṣẹ láti lò ó.

Ìwé náà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ, ní Faransé, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan tó mọ òfin wò ó. Kí ó dárúkọ orin kọ̀ọ̀kan. Kí ó sọ pé àṣẹ náà wà fún fíìmù yìí nìkan àti ìpolówó rẹ̀, ní sinimá, tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún mélòó, ní ilẹ̀ wo. Kí ó sọ pé àwo orin jẹ́ tiyín, àti pé ẹ kò ní gbé e jáde ṣáájú ọjọ́ kan tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí; ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀tọ́ láti má fẹ́ kí gbogbo ayé ti gbọ́ orin tán kí fíìmù tó dé. Kí ó gbà yín láyè láti lo orúkọ fíìmù àti àwòrán pátákó rẹ̀ lára àwo. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: bí ojú òṣèré bá wà nínú àwòrán, tàbí tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tó sọ nínú fíìmù sáàárín orin méjì, ó yẹ kí òṣèré náà gbà. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú àkọlé òpin fíìmù pẹ̀lú orúkọ orin kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tọ́ pé kí a dárúkọ yín, ohun tí a kò lè tà ni lábẹ́ òfin 2006 tí Benin ń lò. Bí ẹ bá rí gbólóhùn tó ní ẹ fi "gbogbo ẹ̀tọ́" lé fíìmù lọ́wọ́ "títí láé", ẹ fi gègé lé e, kí ẹ sì fi ẹ̀rín sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ìwé tí wọ́n dà kọ láti íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn onílù yín náà ńkọ́? Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan kó fọwọ́ sí, lọ́jọ́ tí ẹ san owó rẹ̀, pé ó gbà kí ohun tó lù wà nínú fíìmù àti nínú àwo. Ẹni tó bá bá yín kọ ọ̀rọ̀ tàbí tó dá ohùn ègbè sílẹ̀ kì í ṣe onílù lásán. Ẹ kọ ìdá tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní sitúdíò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kálukú á máa rántí pé òun ló kọ ìdajì.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní BUBEDRA, kí ẹ sì kéde orin kọ̀ọ̀kan kí fíìmù tó jáde. Tábìlì tí mo ní kí ẹ tọ́jú, ìsinsìnyí ló wúlò: ẹ fi orúkọ orin, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, iye àkókò tó lò nínú fíìmù, àti bóyá ó hàn lójú tàbí ó wà lẹ́yìn, sínú ìwé kan, kí ẹ̀gbọ́n yín fọwọ́ sí i. Ẹ fún BUBEDRA ní ẹ̀dà kan, kí ẹ̀dà kan sì máa bá fíìmù lọ sí tẹlifíṣọ̀n èyíkéyìí tó bá rà á. Láìsí ìwé yìí, tẹlifíṣọ̀n lè sanwó ẹ̀tọ́, kí owó náà má sì mọ ẹni tó ń wá. BUBEDRA wà nínú CISAC, ẹgbẹ́ tó kó irú àwọn ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ jọ káàkiri ayé, nítorí náà owó tó bá wọlé ní ilẹ̀ mìíràn tí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ wà lè gba ọ̀dọ̀ wọn dé ọwọ́ yín, bí orúkọ orin bá bára mu níbi gbogbo. Ẹ má pe orin kan ní "Ìyá Àfin" nínú fíìmù, kí ẹ wá pè é ní "Iya Afin Remix" nínú àwo, kí ẹ sì pè é ní "Main Theme" nínú ìwé.

Nínú àwo, mẹ́jọ sí méjìlá tó. Ẹ má tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú fíìmù; ẹ tò wọ́n bí olùgbọ́ ṣe máa fẹ́ gbọ́ wọn, kí orin tí gbogbo ènìyàn máa béèrè wà ní ìkíní tàbí ìkejì. Àwọn ohun èlò kékeré tí kò pé ìṣẹ́jú kan, ẹ so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan. Bí odindi orin kan àti ẹ̀dà rẹ̀ ti inú fíìmù bá wà nínú àwo, kí kálukú ní nọ́ńbà ISRC tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ohùn tí a gbà sílẹ̀ mọ̀, torí ohùn méjì ni wọ́n. Ẹ gbé àwo sórí ẹ̀rọ alápínpín tó ń gbé orin lọ sí Spotify àti irú rẹ̀, bí DistroKid tàbí TuneCore, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tó máa jáde. Spotify ní kí ẹ fi ẹ̀bẹ̀ fún àkójọ orin rẹ̀ ránṣẹ́, ó kéré tán, ní ọjọ́ méje ṣáájú.

Ibi kan wà lórí ẹ̀rọ alápínpín náà tí ẹ ó ti rí àpótí kékeré tó ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí YouTube máa ṣọ́ orin yín. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ YouTube á gbọ́ orin yín nínú ìpolówó fíìmù tí ẹ̀gbọ́n yín gbé síbẹ̀, á sì sọ fún wọn pé wọ́n jí i. Owó ìpolówó fídíò náà á yà sọ́dọ̀ yín, fóònù yín á sì máa dún lóru. Ẹ kọ́kọ́ gba orúkọ ìkànnì YouTube wọn àti ti ẹnikẹ́ni tó ń polówó fíìmù náà, kí ẹ ní kí alápínpín fi wọ́n sínú àwọn tó ní àyè. Bí kò bá lè ṣe èyí, ẹ fi àpótí náà sílẹ̀ títí fíìmù yóò fi kúrò ní sinimá.